Wáyà Àjàrà Lábẹ́ Ọkọ̀ Pupa

Òpópónà Fontana,
Castelrovere,
Asti.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 1998.

Evasio, ọ̀rẹ́ mi àtọmọdé,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ginevra ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dun màmá, ṣé ó ti rọlẹ̀? Mo gbọ́ pé yìnyín kò kan ọgbà àjàrà yín, mo sì bá yín yọ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé pé kí n máa kí ènìyàn kí n tó bínú sí i. Mo ti kí ọ báyìí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí gbogbo wa gbé ọkọ̀ àtijọ́ wa gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí àlùfáà lè wọ́n omi mímọ́ sí wọn, Noemi ọmọ mi ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀ asáré pupa tí o tà fún mi. Ariwo tí mo ti sọ fún ọ ṣì ń dún lẹ́yìn lápá òsì, kó, kó, ní gbogbo kọ́nà. O rántí ìdáhùn rẹ? O ní, "Secondo, ọkọ̀ àgbà ni. Ṣé orúnkún tìẹ kì í dún ni?" Mo rẹ́rìn-ín. O tún ní kí n má gbé e fún mẹkáníìkì kankan, pé wọ́n á kàn tú u ká lásán ni.

A kò tíì dé òkè tí Noemi fi ní orí ń fọ́ òun. Mo ní oòrùn ni. Nígbà tí a máa fi dúró, ọmọ ti dákú sórí ìjókòó. Omi mímọ́ tó yẹ kí wọ́n wọ́n sí ọkọ̀, orí ọmọ mi ni àlùfáà dà á lé. Ó jí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ lọ bá Delfina, mẹkáníìkì tó wà nísàlẹ̀ afárá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lápá òsì, ó fetí sílẹ̀, ó ní sálẹ́ńsà kọ́ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìpẹta ti jẹ irin tí ṣọ́kù dúró lé, ó ti lu ihò wọ inú ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ ti rọ̀ wálẹ̀, irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ sì ń gbá sálẹ́ńsà títí ó fi là. Ihò ìpẹta yẹn ni èéfín ń gbà wọlé bá wa. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú, tó ti là báyìí, dí ihò náà, ó sì fi wáyà so sálẹ́ńsà sókè.

Delfina ní, "Ẹni tó ṣe èyí rí i dáadáa kó tó bò ó."

Wáyà àjàrà ni, Evasio, èyí tí a fi ń so igi àjàrà mọ́ òpó. Wọ́n yí i sósì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá tẹ ẹnu rẹ̀ pamọ́ kó má baà gún ọwọ́ ẹni tó ń ká èso. Bàbá rẹ ló kọ́ àwa méjèèjì ní kókó yẹn, kò sì kọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ṣì rà á, à bá sì jọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n o dalẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwọ lo ti ilẹ̀kùn fún Noemi lọ́jọ́ Àìkú yẹn. O fọwọ́ gbá orí ọkọ̀, o ní kí a máa lọ.

Mi ò ní bá yín ká àjàrà lọ́dún yìí. Bá mi kí Ginevra àti màmá. Wọn kò ṣẹ̀ mí. Wáyà náà wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ̀gbẹ́ ni Delfina ti gé e, mi ò tú kókó rẹ̀. Ìwọ ni kí o tú u.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ títí di ọjọ́ Ajé tó kọjá,
Secondo.