Fìrìgó Tí Ó Ń Mu Epo Àtùpà

Pélagie ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Porto-Novo, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa, ṣé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ níwèé ń gbọ́ràn? Olúwa tí ó jí wa lónìí kò ní jẹ́ kí ẹfun pátákó wọ̀ ọ́ lójú. Àmín. Àwa náà wà láàyè, àfi orúnkún mi, àti ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, jọ̀wọ́ jókòó kí o tó kà á.

Ọ̀rọ̀ fìrìgó, àpótí amómitutù tí o rà ránṣẹ́ sí wa ní Ọdún Àjíǹde ni. Ìwé Faransé tí ó bá a wá, ìwé ìbí rẹ̀ ni mo pè é, mo ti fi í sínú Bíbélì. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tan àtùpà epo tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ gbé ìkòkò ẹ̀wà sínú rẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó lọ sí ọjà Avrankou. Nígbà tí ó dé, ẹ̀wà le bí òkúta, ó sì tutù bí imú ajá. Ó ní iná wo nìyí tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo là á yé e pé òtútù bẹ̀rù iná, ni ó fi sá gòkè lọ fara pamọ́ sínú àpótí.

Omi rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ ni mo ń sọ. Nígbà tí o wà lọ́mọdé, ìgò epo kan ń tan àtùpà wa láti oṣù tuntun dé oṣù tuntun. Àwọn sójà gba ìjọba, ó di ìgò méjì. Nígbà tí wọ́n yí orúkọ ilẹ̀ wa kúrò ní Dahomey sí Bénin, mo ní bóyá iye tí wọ́n ń ta epo náà yóò yí padà, ó sì yí lóòótọ́, òkè ni ó yí sí. Fìrìgó yìí wá dé, ó ń mu odidi bídọ́ọ̀nù, agolo epo ńlá kan, lọ́sẹ̀, àwa onílé wá ń jẹun nínú òkùnkùn kí omi lè tutù. Bí mo bá fẹ́ ka Sáàmù, àfi kí n dojúbolẹ̀ níwájú iná rẹ̀. Assani aládùúgbò wa, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, wọlé bá mi bẹ́ẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ń kí mi kú oríire, ó rò pé mo ti ń kírun.

Ni mo bá ronú pé bí iná epo bá ń mú omi tutù, iná igi tí a kì í fi owó rà yóò mú un tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yọ àtùpà ìsàlẹ̀ kúrò, mo ki igi ọsàn gbígbẹ sí àyè rẹ̀, mo ṣáná sí i, mo fẹ́ ẹ. Pélagie, fìrìgó náà kérora. Ọ̀dà funfun ara rẹ̀ bó, òórùn kan bí ìtọ̀ òbúkọ jáde, gbogbo agbo ilé ń da omi lójú. Délégéè, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, wá pè wá sí ìpàdé, ó bá wa bẹ́ẹ̀. Kàkà kí ó kígbe ìjọba sójà pé kí a múra ìjà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó béèrè ẹni tí ó kú. Mo ní fìrìgó ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò lè wo ojú ìyá rẹ. Mo ń rántí iye oṣù tí o fi kó owó rẹ̀ jọ, ojú sì ń tì mí láti kọ̀wé sí ọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá rẹ ra ẹja tútù, ó dúró níwájú àpótí dúdú náà, ó ní, "Bàbá Pélagie, ẹ bá mi tan igi yẹn." Ó to ẹja sórí àwọn irin inú rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Ọmọ mi, ẹja náà pọ́n, ó gbẹ, kò jóná rárá. Àwọn obìnrin Avrankou ti ń wá rà á nílé. A ti padà sí ìgò epo méjì, mo sì ń jókòó ka Sáàmù bí ọmọlúàbí.

Nítorí náà má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n fìrìgó kan ṣoṣo kò gba ẹja ọjọ́ ọjà tán mọ́. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá wa ra fìrìgó mìíràn, èyí tí ó tóbi, kí o sì sọ fún ẹni tí ó ń tà á pé kí ó yọ àtùpà rẹ̀ kúrò, bóyá yóò dín owó kù.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ohun tí o bá fi òógùn rẹ rà kò ní bàjẹ́, bí ó bá sì bàjẹ́, yóò wúlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Òkunọlá