Ní Ibùdó Sọ́rì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó tún jí mi, tí ó sì fún ọwọ́ arúgbó yìí lágbára láti di kálámù mú. Ọmọ tí Rahel àbúrò mi bí ti kú. Ọkọ̀ dojú dé lójú ọ̀nà ìlú. Lukas, ọmọ tí mo bí, ni ó wà á — ó ti mutí. Gìrìpá, ọlọ́pàá wa, ni ó mú ìròyìn wá. Ó ṣí fìlà. "Sọ́rì, màmá." Bẹ́ẹ̀ náà ni ó wí nígbà tí ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ní ilé ìtajà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
A kò dárúkọ ọmọ náà mọ́. Kumanjayi ni a ń pè é, bí a ti ń pe gbogbo òkú wa. A sun ẹrù rẹ̀, a fi ewé gbá ilé, a ṣí lọ sí ibùdó sọ́rì ní gbangba aṣálẹ̀. Irun gígé. Ẹfun lára. Òtútù.

Ọjọ́rú, 5
Ní ilé-ìwé míṣọ́n òyìnbó, sọ́rì ni ọmọ tí ó bá da omi nù ń wí. Lẹ́nu àwa ọmọ onílẹ̀ aṣálẹ̀ yìí, ọ̀fọ̀ ni: ibi tí a ń lọ ni, ara ni a sì fi ń ṣe é. Àwọn ará ń dé. Wọ́n ń wólẹ̀, wọ́n ń dì mọ́ Rahel, wọ́n ń bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá wá, ìjà rẹ̀ kì í tán.

Ọjọ́bọ̀, 6
Lukas pè láti àtìmọ́lé. "Ẹ bá mi sọ fún Màmá Rahel pé sọ́rì." Mo jíṣẹ́. Rahel kò gbójú sókè. "Ṣé ẹnu ló fi wa ọkọ̀ ni? Kó gbé ara ẹ̀ wá." Manasse, ẹ̀gbọ́n wa, ní: "Debora, bí kò bá wá, àbúrò Lukas ni a ó fi ọ̀kọ̀ gún dípò rẹ̀." Mo ṣí Sáàmù. Kò wọ̀ mí lọ́kàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Adájọ́ ní kí Lukas máa ti ìta jẹ́jọ́ — ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ wa. Mo bẹ Gìrìpá pé kí ó jẹ́ kí ó wá. Ó ní kí ọmọ náà kọ káàdì sọ́rì, òun yóò bá a mú un wá. Manasse rẹ́rìn-ín: "Káàdì? Ká fi dáná tíì?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Olúwa, ṣàánú.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Lukas fi ẹsẹ̀ rìn la aṣálẹ̀ dé. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó dúró láàrin wa. Manasse fi ọ̀kọ̀ gún un ní itan. Rahel gba kùmọ̀, ó lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó lójú. Mo jókòó — bí mo bá dìde gbà á sílẹ̀, ìjà náà kò ní parí láé. Nígbà náà ni Rahel ju kùmọ̀ nù, ó dì mọ́ ọn, ó figbe ta. Gbogbo ibùdó ké. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìjà náà parí láàrin wa.

Ọjọ́ Ajé, 10
Gìrìpá wá mú un. Yóò pẹ́ ní ẹ̀wọ̀n, nítorí ó tẹ ilẹ̀ ara rẹ̀. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, Rahel sáré, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ bò ó. "Fi wé ara, ọmọ mi. Ibẹ̀ tutù." Èyí tí ó bí, a kò tíì sin ín.

Ìwọ tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn mi, kí Olúwa jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá jáde ní agboolé rẹ padà wọlé. Àmín.