Ikọ́ Mi Wà Nínú Agogo Ìjọ

Àbíkẹ́yìn mi,

Bàbá rẹ kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàkàkà, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ọlọ́run tó sìn yín dé ìlú ńlá yẹn kò ní dójú tì yín, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ kò sì ní rí ọ bínú. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà. Òrùlé kò jò mọ́. Adìẹ tí o fi sílẹ̀ pa ọmọ mẹ́jọ, àṣá ti gbé méjì, mo sì ń fi òkò ṣọ́ ìyókù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìẹ ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ìjọ ni, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó máa fi iyọ̀ sí i.

O mọ̀ pé ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohùn mẹ́rin ló ní lọ́wọ́ mi: ti òwúrọ̀, ti ìsìn, ti òkú àti ti iná. Ti iná, kánkán ni, kò gbọdọ̀ sinmi. Ti òkú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, ẹyọ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí olóògbé lò láyé. Nígbà tí ìyá rẹ kú, ẹyọ méjìdínlọ́gọ́ta ni mo lù fún un, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba okùn lọ́wọ́ mi.

Pásítọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá fún wa, èyí tí a ń pè ní Oníkóòtù nítorí pé ooru kì í mú un, ló ní agogo fífà kò bá ayé mu mọ́. Òun, alága ìgbìmọ̀ tó ń ta sìmẹ́ǹtì, àti akọ̀wé ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ni wọ́n jọ pinnu. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ṣèpàdé tí mi ò rí wọn. Akọ̀wé ní inú fóònù ni, àwọn ní gúrúùpù níbẹ̀. Mo ní ṣé alága náà wọ ibẹ̀, tòun ti ikùn yẹn? Wọ́n rẹ́rìn-ín, títí dòní mi ò tíì mọ bó ṣe wọlé.

Lọ́jọ́ kan ni akọ̀wé gbé fóònù wá bá mi nídìí agogo, ó ní kí n lu ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, kí ìjọ lè máa fi rántí mi. Inú mi dùn. Mo pa dà sílé, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí o rà fún mi, nítorí mi ò mọ̀ bóyá fóònù náà ń ríran. Mo bi í pé báwo ni kí n ṣe tò ó, ó ní bó bá ṣe wù mí, fóònù á mọ̀ fúnra rẹ̀. Mo lu ti òwúrọ̀, mo lu ti ìsìn, mo lu ti òkú, mo wá lu ti iná kẹ́yìn. Láàárín ti ìsìn ni ikọ́ gbé mi, mo wúkọ́ dáadáa, mo sì bẹ fóònù náà pé kó jọ̀ọ́ kó má bínú. Nígbà tí mo ṣe tán, akọ̀wé fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo rò pé ìwé ọpẹ́ ni, mo buwọ́ lù ú. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fepo para jókòó sídìí iná. Èmi fepo para, mo tún wọ aṣọ tuntun lé e.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dé ìdí agogo, wọ́n ti ká okùn kúrò, wọ́n ti so ẹ̀rọ amóhùnbúgbàù mẹ́rin mọ́ òkè. Alága ní mo ti buwọ́ lù ú pé mo ti dàgbà, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ tinútinú. Àṣé ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù nìyẹn! Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí agogo fi dún lókè, ọwọ́ mi gan-an ni, kò sí iyèméjì. Ó dé àárín, mo gbọ́ tí mo wúkọ́, mo gbọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó jáde nílé lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo ti ń wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń kí mi lójú ọ̀nà pé àwọn gbọ́ mi, ṣé mo ti lo oògùn. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi ìyókù ara mi sílẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìyá agbẹ̀bí wá kú, obìnrin tó gba ìwọ alára sọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a bí ọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ló lò. Bí pósí rẹ̀ ṣe dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, alága ló gbé fóònù, alága ló tẹ èyí tó gbẹ̀yìn nínú ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rò pé ti òkú ló máa gbẹ̀yìn, nítorí pé ikú ló ń gbẹ̀yìn èèyàn. Ti iná ló ké. Ó ń ké kánkán, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Àdúgbò tú jáde pẹ̀lú korobá omi. Wọ́n rí èrò tó yí nǹkan ká, wọ́n rò pé ibẹ̀ ló ń jó, wọ́n da omi sí i. Wọ́n da omi sórí òkú, wọ́n da á sí kóòtù Pásítọ̀. Ọmọ ìyá agbẹ̀bí jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún pé wọn ò jẹ́ kí ìyá òun lọ ní wọ́ọ́rọ́. Èmi lọ dúró ti pósí, mo fi ẹnu ka ọdún rẹ̀ fún un, mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó pé.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka alága ló tẹ fóònù, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní mo mọ̀ọ́mọ̀ to ohùn agogo ségesège nítorí ìkanra. Alága ní ẹ̀mí ìgbẹ̀san ló wà lára mi. Mo ní kí wọ́n bi akọ̀wé bóyá òun kọ́ ló ní fóònù á mọ̀. Akọ̀wé wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ò rántí. Èmi tí mo bá a ru pósí bàbá rẹ̀! Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, kí n tọrọ àforíjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á yọ orúkọ mi nínú ìwé ìjọ, wọn kì í sì í sin ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ sí itẹ́ òkú ìjọ. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àyè ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ni. Alága tilẹ̀ fi kún un pé àwọn kan ti ń bèèrè rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣe ìjọ wọn lọ, Ọlọ́run kò sí ní gúrúùpù wọn. Mo lọ bi ìyá rẹ léèrè níbi ibojì. O mọ̀ ọ́n, nígbà tó wà láyé pàápàá kì í dáhùn bí inú bá ń bí i.

Nítorí pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lò ń ṣe, bá mi wo ohun kan. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ, ṣé ọwọ́ rẹ lè dé inú fóònù ìjọ, kí o yọ ikọ́ mi jáde? Má yọ agogo o, ti ìjọ ni. Ikọ́ yẹn ni tèmi.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ sí mi. Má fi í gba báńkì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kí ẹni tó wà lẹ́yìn ihò tó ń pọ owó lára ògiri wọn, kò dá mi lóhùn, mi ò sì fẹ́ gba owó lọ́wọ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ fi ra oògùn orúnkún. Pásítọ̀ sì ní fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹni tí ìjọ dárí jì gbọ́dọ̀ rà.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ṣe é. Àná ni. Mo kúnlẹ̀ níwájú tọmọdé tàgbà, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Alága ló fà mí dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó korò tó ìpàtẹ́wọ́ yẹn rí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò fẹ́ràn kó máa dá sùn.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Á jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ dàgbà pọ̀, kí irun yín funfun lórí ìrọ̀rí kan náà. Lágbára Ọlọ́run, o ò ní kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó ṣẹ̀ ọ́, kí o tó ráyè sùn ti ẹni rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.