Orúkọ tí mo fún ọlọ́pàá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù août 1972. Ìrọ̀lẹ́.

Ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ ní Plateau, àárín ìlú lódìkejì ọ̀sà, lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ kẹta rèé, kò tíì padà.

Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo kà lánàá kí ara lè tù mí, ìkeje nínú àwọn àlòkù tí mo ní. Bàbá ọlọ́pàá inú wọn a máa jókòó ti ìyàwó ilé, a gba omi mu, a sì bi í léèrè títí. Nínú méjèèje, kò sí ẹni tó ń wá tí kò rí.

Irú rẹ̀ ni mo lọ wá ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ ti wá a dé àdúgbò Biétry? Bóyá ìyàwó kékeré ń bẹ níbẹ̀." Ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ṣadé." Ó kọ ọ́, ó pa ìwé dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo!

Inú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ wálé ni mo ti rántí. Jóṣúà Adéoyè ló wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, ta ni yóò mọ̀ pé èmi ni mò ń wá a? Mo sáré padà, akọ̀wé ti lọ di ọjọ́ Ajé.

Aya kì í pe ọkọ lórúkọ. Ọdún mọ́kànlá, n kò pè é rí. Mo ń fi kọ́ra báyìí, sókè, kí ahọ́n mi má tún ṣì í: Jóṣúà. Jóṣúà.

Ṣadé gbọ́ orúkọ náà níta, ó sáré wọlé. "Maman, Papa ti dé?"