Dókítà Tó Ń Wádìí Èébì Ìdílé Wa

Abà Onígbó,
Oṣù Kẹta, 1988.

Morádéún, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé o wà dáadáa ní Ajégúnlẹ̀ yẹn? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà o. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú sì ti bímọ, àmọ́ ó ti jẹ ìwé orin bàbá rẹ láti orin Kérésìmesì títí dé orin ìsìnkú.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àyà mi kọ́kọ́ já nígbà tí mo kà á pé wọ́n fẹ́ yọ iju inú ilé ọmọ rẹ ní ọsibítù kan ní Àpápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà dé ibi ọ̀rọ̀ Dókítà Okechukwu, ẹni tó máa fún ọ lóògùn oorun, mo pariwo halelúyà débi pé adìẹ sá kúrò lórí ẹyin. O ní ó fa àga sún mọ́ ọ, ó bi ọ́ bóyá èébì máa ń gbé ọ nínú ọkọ̀, bóyá ìyá rẹ bì nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń béèrè ìyá ẹni bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ fẹ́ni? Ìwádìí ìdílé ló ń ṣe yẹn! Láyé tiwa, wárápá àti wèrè ni àna ń wádìí, èébì lásán ni tiẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ọmọ Íbò ni, kò burú, ẹni tó bá mọyì ọmọ mi, èèyàn mi ni. O tún ní ó pàṣẹ pé o kò gbọdọ̀ jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá o jẹ́ oníwọra ni. Má fẹnu kan nǹkan kan o, kódà bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà aládùn síwájú rẹ.

O wá ní kí n sọ òótọ́ fún ọ nípa èébì tèmi. Háà! Ta ní í tú àṣírí ilé ẹ̀ fún àna? Mo ti mú bírò láti kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó bì rí nílé wa. Ọkàn kan ní kí n kọ́kọ́ lọ bá Àdùfẹ́, nọ́ọ̀sì disipẹ́ńsárì wa, mo fọgbọ́n bi í. Ó ní bí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú pé èèyàn lè bì, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró. Ẹni tí wọn ò bá mọ̀ nípa ẹ̀, ó lè bì débi tí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ á fi máa fà á.

Mo rántí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gbé àbúrò rẹ Ṣayọ̀ jáde. Bí mo ṣe jí ni mo ń bì, mo fi ìrọ̀rí di ikùn mú, mo rò pé ìfun mi máa tú jáde. Mi ò fẹ́ ẹ fún ọ láéláé.

Nítorí náà, sọ fún un pé ìyá rẹ bì. Sọ fún un pé ìyá mi náà bì. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, tí ọkọ̀ ò tíì kúrò ní gáréèjì tí o ti bì sínú fìlà bàbá rẹ? Sọ ìyẹn náà. Bó bá torí ẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́ mọ́, kó máa lọ ire, ọkọ mìíràn ń bọ̀. Mi ò ní Morádéún méjì.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o fi owó náílọ́nù dúdú tí n ó máa bì sí kún un. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti bì sára pásítọ̀ lọ́nà Ìbàdàn ni mo ti búra pé mi ò wọkọ̀ ọ̀nà jíjìn mọ́. Mo ti gbé ìbúra yẹn sọ nù. N ó bì láti ibí dé Àpápá, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá lajú, èmi ni wàá kọ́kọ́ rí.

Ọlọ́run á tọ́ ọwọ́ wọn. Wàá sùn, wàá jí, wàá jẹun, oúnjẹ náà á sì dúró sínú rẹ. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń bọ̀.