Ọkọ̀ Òkun Ò Dúró De Bàbá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ara wa le. Ikọ́ àbíkẹ́yìn mi ti lọ. Ìrìn àjò ìgbafẹ́ orí òkun tí ẹ fẹ́ lọ ló mú mi kọ̀wé, torí ohun tí ojú wa rí nígbà tí èmi, Bàbá àti Màmá lọ irú rẹ̀.

Ní èbúté kejì, Bàbá ní òun ń lọ ra fìlà. Ibi tí a ti ń retí rẹ̀ ni ọkọ̀ ti fọn fèrè, tó gbéra. Háà! Mo rí bàbá wa tó ń sáré létí omi, tó ń ju fìlà tuntun sókè: "Ẹ dúró dè mí o!"

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní, "Ẹ má bínú mà, a kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá sì wà ní yàrá wa nínú ọkọ̀! Ṣe ni Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé ìrìnnà tó wà lápò Bàbá ló fi rí bàálù wọ̀ bá wa ní èbúté kẹta lọ́jọ́ kejì. Màmá ò bá a jà. Ó kàn di apá aṣọ rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi délé.

Jọ̀ọ́, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ mú oògùn àti ìwé ìrìnnà dání, kí ẹ sì tètè padà. Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀ láìku ẹnì kan. Ní èbúté kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo yín bá ti wọkọ̀ tán, pè mí, kí n lè rí oorun sùn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.