Bàbá, Mo Gba Ohùn Mi Padà Lórí Ilẹ̀ Ọ̀nà Ìjàgbo

Sí Bàbá mi, Alhaji, àti Màmá mi, Alhaja. Sí Múfú àbúrò mi, àti gbogbo agbo ilé wa ní Ọ̀fà.

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọyẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù débi pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n máa gbé e dìde ni. Ṣé orúnkún Bàbá ti fúyẹ́? Ṣé Màmá ti ń lo oògùn ojú wọn, àbí wọ́n ṣì ń fi pa mọ́ sínú àpótí? Èmi náà wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń kírun, ara mi le.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo gbé lẹ́tà tó yẹ kó wọ inú yàrá yín fún ìwé ìròyìn ìlú, kí tolórí tẹlẹ́mù máa kà á. Bàbá, gbangba ni wọ́n ti gbọ́ irọ́ mi, gbangba náà ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú títí tí ẹ ó fi kà á tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè bínú.

Ẹni tó ń ka ìwé yìí tí kò mọ̀ wá, ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọ̀fà ti ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Àwọn kan nínú ìlú ní ó yẹ ká ní ìkejì. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n fi Bàbá mi ṣe alága. Ilẹ̀ ló kù tí wọ́n ń wá, Bàbá sì ní kí wọ́n wá gba tiwa, ilẹ̀ Bàbá àgbà lọ́nà Ìjàgbo, níbi tí Màmá ti ń dáko láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nílé tiwa, ilẹ̀ ẹbí kì í jáde bí àkọ́bí ọkùnrin ò bá fohùn sí i. Èmi ni àkọ́bí yẹn. Mo sì fohùn sí i.

Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè mí. Ẹ ti gbé fóònù sórí tábìlì, ìgbìmọ̀ jókòó yí i ká, mò ń gbọ́ ikọ́ wọn. Ẹ ní kí n sọ fún wọn bóyá ìlú tí kò tó Èkó, tí kò tó Ìbàdàn, lè bọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún wọn pé ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ní sítédíọ̀mù lókè òkun. Mo ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, pé màá gba ohùn mi sílẹ̀, màá fi ránṣẹ́. Ohun tí mo sọ nínú ohùn yẹn ni pé ìlú tí mo wà kò ju Ìlọrin lọ, ẹgbẹ́ méjì ló ní, ìkejì ni mò ń bá ṣiṣẹ́, pápá wa sì ń kún ní gbogbo Sátidé. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo fara mọ́ ọn pé kí ilẹ̀ lọ.

Irọ́ ni, Bàbá. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lo oṣù méjì.

Ẹgbẹ́ kejì ìlú yìí ti kú kí n tó dé ibí. Sítédíọ̀mù tó fi sílẹ̀ ni mò ń ṣọ́. Ẹni tó ni ín ò tíì mọ̀ bóyá kí òun tà á tàbí kí òun wó o, ó ní kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ ná. Nítorí náà mò ń gbá ewé, mò ń yẹ kọ́kọ́rọ́ wò, mò ń gẹ koríko. Bí mo bá gẹ koríko tán, mo tún máa ń fa ilà funfun sí i, torí ó wà nínú ìwé iṣẹ́ tí mo fọwọ́ sí. Pápá náà mọ́ tónítóní, àwọ̀n wà lára gọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbá nǹkan kan níbẹ̀. Lásìkò òtútù yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń débi iṣẹ́, tí mo máa ń kúrò níbẹ̀, tí n ò la ẹnu sọ ju àdúrà lọ. Èmi tí Màmá máa ń sọ pé ẹnu mi kì í dákẹ́!

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, Stanley lorúkọ rẹ̀. Òun ni ó ń ṣọ́ ẹnu géètì nígbà tí ẹgbẹ́ náà wà láàyè, ó sì ṣì máa ń yà wá wò mí. Mo bi í bí ẹgbẹ́ náà ṣe kú. Ó ní kò sí ìjà, kò sí olè. Ó ní lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo ìlú wá wo nǹkan tuntun. Lọ́dún kejì, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ nìkan ló wá. Lọ́dún kẹta, àwọn ìyàwó agbábọ́ọ̀lù ló kù. Ó ní Sátidé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ má rò pé òtútù ti wọ̀ mí lórí. Àwọn àga ibẹ̀ máa ń ká ara wọn sókè ni. Bí èèyàn bá jókòó, wọ́n á wálẹ̀; bí ó bá dìde, wọ́n á padà sókè fúnra wọn. Ní Sátidé kan, bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo jáde sí etí pápá, ìkùukùu bo gbogbo ibẹ̀. Ó kàn ṣe mí bí ẹni pé mo já sí àárín èèyàn púpọ̀ tó jókòó. Ẹ̀kọ́ ilé tí Màmá kọ́ mi ló ṣáájú ojú mi. Mo tẹ orí ba, mo ní ẹ kú ìjókòó o. Lẹ́yìn náà ni mo rẹ́rìn-ín ara mi, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tí mo yí pápá po tí mo padà débẹ̀, àga méje ti wálẹ̀ ní ìlà kan náà. Wọn kò ká sókè. Mo fọwọ́ ti ọ̀kan, kò gbọ́, àfi bí ẹni pé ènìyàn wúwo wà lórí rẹ̀.

Ní Sátidé kejì, mo ti ẹnu mi pa, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta ló wálẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tí mo dé, gbogbo wọn ti padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo sọ fún Stanley, mo rò pé ó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ohun tí mo sọ fún wọn. Mo ṣàlàyé pé níbi tí mo ti wá, èèyàn kì í kọjá lára àwọn tó jókòó kó má kí wọn. Ó wá ní láti ọjọ́ tí òun ti ń bẹ níbẹ̀, òun kò bá wọn sọ̀rọ̀ rí. Kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ibẹ̀ ni mo ti gba ohùn yẹn sílẹ̀, Bàbá, ní ọ̀sán Sátidé, èmi nìkan. Ẹ̀rù ti ń bà mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ìtìjú lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín ju ẹ̀rù lọ.

Múfú, ìwọ lo pè mí lẹ́yìn ìpàdé. O ní nígbà tí wọ́n gbé ohùn mi sí gbangba, gbogbo gbọ̀ngàn ló dìde. O ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló mú wọn dìde, ariwo àwọn èrò tó wà lẹ́yìn mi ni. O ní wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó, o fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohun tí mò ń sọ. O ní Bàbá, tí etí òsì wọn ò gbọ́ràn mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ń lu itan, wọ́n ń sọ pé àwọn gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ sì ní ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá gbọ́ bí ìlú kékeré ṣe ń hó. Mo ní kí o tún un gbọ́ wò. O pè mí padà, o ní ariwo náà ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi náà tẹ́tí sí èyí tó wà lórí fóònù tèmi. Ohùn mi ni mo gbọ́, àti atẹ́gùn.

N ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Inú Bàbá ń dùn, mo sì fẹ́ kí ó máa dùn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ fi ti ẹ̀rù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ló máa wo ẹgbẹ́ kejì yìí? Bàbá, nígbà tí ẹ lọ wo ti àkọ́kọ́ gbẹ̀yìn, Múfú ò tíì hu irùngbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ wa wà níwájú tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sán Sátidé, bọ́ọ̀lù òyìnbó ni wọ́n ń wò. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga wa bá gba ìsinmi, ìdajì ìlú ló bá wọn lọ. Ará Òjòkú tó wà nítòsí wa ò ní fi ọjọ́ ọjà wọn sílẹ̀ kó wá gun ọ̀kadà torí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́, ta ni yóò máa bomi rin koríko? Mo mọ ohun tí Bàbá máa wí. Wọ́n á ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí oyin náà? Ìlú ìjàkadì ni wá, a kì í sá fún ẹni tó bá fẹ́ bá wa wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, oníjàkadì tó gbọ́n máa ń wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kó tó dì í mú.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Mo dé pápá lọ́sàn-án, mo rí i pé gbogbo àga ló ká sókè. Kò sí ẹyọ kan tó wálẹ̀. Mo dúró di aago mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Ayọ̀ kún inú mi, mo ní alihamdulilahi, wọ́n ti lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Màmá pè mí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn wà lóko lọ́nà Ìjàgbo, àwọn ń wa ẹ̀gẹ́ nínú oòrùn, làwọn bá gbọ́ tí èèyàn púpọ̀ ń pàtẹ́wọ́ ní etí igbó. Wọ́n ní àwọn wò títí, àwọn ò rí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ àwọn, ó ní láti jẹ́ pé àdúrà Bàbá lórí ẹgbẹ́ tuntun ti gbà. Wọ́n ní àwọn gbé ọkọ́ sílẹ̀, àwọn sì dá wọn lóhùn, pé ẹ ṣeun, ẹ kú ìjókòó.

Màmá o! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń kí èèyàn. N ò lè bá yín wí.

N ò mọ irú ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ìran ni wọ́n fẹ́ wò, ibi tí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ. Bí ẹgbẹ́ náà bá kú bí ti ibí ṣe kú, àwọn agbábọ́ọ̀lù á wá ibòmíràn lọ, ìgbìmọ̀ á túká, akọ̀wé á lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òǹwòran yẹn ò ní lọ. Lórí ilẹ̀ wa ni wọ́n á jókòó sí, wọ́n á máa dúró de Sátidé.

Nítorí náà, èmi àkọ́bí, mo gba ohùn mi padà. N ò fara mọ́ ọn. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan lórí ilẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí Màmá wa ẹ̀gẹ́ wọn tán, ṣùgbọ́n kí Múfú máa bá wọn lọ, kí wọ́n sì máa kúrò lóko kí ọ̀sán tó pọ́n. Múfú, pa ohùn yẹn rẹ́ lórí fóònù rẹ, kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà pa á rẹ́.

Bàbá, mo mọ ohun tí lẹ́tà yìí máa ṣe fún yín. Àwọn ọ̀rẹ́ yín máa bi yín léèrè iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe gan-an lókè òkun. Ẹ sọ fún wọn. Ẹ ní ó ń ṣọ́ ibi tí kò sí èèyàn, ó sì parọ́ kí ojú má bàa ti bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ó sàn kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín lójú yín ju kí ẹ fún àwọn tí a ò rí ní oko ìyàwó yín.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí orúnkún Bàbá le, kí ojú Màmá mọ́lẹ̀, kí n má bàa bá ilé lófìfo lọ́jọ́ tí mo bá dé. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ bá mi kí àwọn ará ìta náà, àwọn tí ẹ bá fi ojú rí nìkan.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràúfù, tó ń ṣọ́ pápá tó ṣófo.